Ẹjọ́ Awakọ̀ tí Ọtí Pa: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Gbà á Rò?

Nígbà tí wọ́n bá mú awakọ̀ kan lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó mutí yó wa ọkọ̀, ojú burúkú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo agbẹjọ́rò tí ó bá dìde láti gbèjà rẹ̀. Wọn a ní ó ti ta ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀. Ǹjẹ́ ènìyàn lè gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rò kí ó sì tún jẹ́ ọmọlúwàbí? Èrò tèmi ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwíjàre ni ó bójú mu.

Èyí tí kò bójú mu ni ti ẹni tí ó wí pé, “Ọtí ni ó ṣe é, kì í ṣe èmi.” Èdè wa gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbè é lẹ́yìn. A ń wí pé ọtí ń pa Òjó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé ebi ń pa á, tàbí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. (Òjó inú ìwé gírámà ni mo ń bá wí o!) Nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Òjó kì í ṣe olùwà, àbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ebi kì í dúró de ìpè kí ó tó dé. Ọtí a máa dúró. Kí ọtí tó pa Òjó, Òjó ti kọ́kọ́ mu ọtí, òun sì ni olùwà nínú gbólóhùn yẹn. Ojú rẹ̀ dá nígbà tí ó gbé ife àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó sì mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú àpò òun.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọbàtálá mu ẹ̀mu yó nígbà tí ó ń mọ ènìyàn, ibẹ̀ ni abuké àti arọ ti wáyé. Nínú ìtàn náà bí mo ti gbọ́ ọ, kò di ẹ̀bi ru ẹlẹ́mu. Ó gba àwọn tí ó mọ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ààbò rẹ̀, ẹ̀mu sì di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa kò jìnnà sí èyí. Abala 29 rẹ̀ kò gba ìmutíyó gẹ́gẹ́ bí àwíjàre, àfi bí olùjẹ́jọ́ kò bá mọ ohun tí ó ń ṣe, tàbí tí kò mọ̀ pé ohun náà kò tọ́, tí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó fi arankàn tàbí àìbìkítà mú un yó láìgba àṣẹ rẹ̀, tàbí pé ọtí ti dà á lórí rú bíi wèrè.

Àwíjàre kejì ni, “Ẹ fi ẹ̀rí hàn.” Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 36, ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn. Ẹ wo ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì máa lọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Ọlọ́pàá tí ó dá a dúró lóru kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1967 gbé ìwọ̀n kalẹ̀: 80 mílígíráàmù ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Scotland dín tirẹ̀ kù sí 50 ní ọdún 2014. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ di ẹlẹ́rìí, agbẹjọ́rò sì ń bi í léèrè: ta ni ó yẹ̀ ọ́ wò kẹ́yìn? Ǹjẹ́ kì í ṣe ìgbà tí ọkùnrin yìí délé tán ni ó tó mutí? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. N kò rí ìdí tí a ó fi yọ ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú òwe yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí awakọ̀ bá ti jẹ́wọ́ fún agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé òun mutí, tí ẹ̀rí àwọn ọlọ́pàá sì mẹ́hẹ. Agbẹjọ́rò lè wí pé, “Ẹ̀rí yín kò tó.” Òótọ́ ni. Kò gbọdọ̀ wí pé, “Ọkùnrin yìí kò mutí.” Irọ́ ni. Àwọn kan yóò ní ìyàtọ̀ náà tín-ín-rín. Ó tín-ín-rín lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pa á rẹ́ nítorí ọ̀mùtí kan, ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe yóò bá a lọ. Bí ọ̀mùtí bá sì bọ́ nítorí pé ẹ̀rọ kò péye, ẹni tí a fi ìtọ́jú ẹ̀rọ sí níkàáwọ́ ni n ó kọ́kọ́ bá wí.

Ẹrù ti awakọ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Agbẹjọ́rò kò sí nínú ọkọ̀. Òun wà níbẹ̀. Òfin fún un láyè láti dákẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá tètè jẹ́wọ́ lè rí ìdá mẹ́ta ìjìyà rẹ̀ dín ní ìdá kan. Èyí ń dín iṣẹ́ ilé ẹjọ́ kù, ṣùgbọ́n n kò lè pe ìjẹ́wọ́ tí a ti ṣírò èrè rẹ̀ ní ìrònúpìwàdà. Bí ó bá ṣe pé ọmọdé kan ni ó fi ọkọ̀ pa, tí adájọ́ sì dá a sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò tó, àwọn òbí ọmọ náà ṣì wà nílé wọn. Agbẹjọ́rò kò lè bá a lọ sọ́dọ̀ wọn.