Ta Ni Elohim?

Ọ̀kan nínú yín bi mí léèrè bóyá òtítọ́ ni pé àwọn kan wọ ọkọ̀ tí ń fò ti ojú ọ̀run wá dá ènìyàn. Ẹ̀kọ́ Raël nìyẹn, ó sì ní ọmọlẹ́yìn ní ilẹ̀ Benin wa yìí. Claude Vorilhon, ọmọ Faransé, ni Raël. Ó ní ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1973, òun pàdé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nítòsí Clermont-Ferrand, àti pé àwọn ni Jẹ́nẹ́sísì ń pè ní Elohim, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹyọ kan lọ.

Lóòótọ́, ìrísí ọ̀pọ̀ ni ó ní. Ṣùgbọ́n bara, ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó sọ pé ó dá ọ̀run àti ayé, ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Àwa náà ń pe bàbá kan ní “wọ́n”, kò sì di méjì.

Wíwo ìràwọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; Ìjọ Mímọ́ pàápàá ní ilé ìwòràwọ̀ ní Castel Gandolfo. Bí ẹ̀dá mìíràn bá wà lókè, ẹ̀dá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Raël a máa ní kí ẹni tí ó wọlé kọ ìrìbọmi rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Ìrìbọmi yìí gan-an ni ẹ̀ ń múra fún. Ní òru Àjíǹde, a ó bi yín níwájú omi bóyá ẹ gba Ẹlẹ́dàá ọ̀run àti ayé gbọ́. Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wá bá mi kí ọjọ́ náà tó pé.