Ká Tó Fi Ìràwọ̀ Díwọ̀n Onítíì

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí òwe yìí, kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì onítíì l'Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìrun alẹ́. Onítíì á mú ẹyin, á fi ṣíbí kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á là á sínú kọ́ọ̀bù, ẹ̀kán kan ò ní í ta sílẹ̀. Ọwọ́ tó ń fọ́ ẹyin lálaalẹ́ mọ ibi tó yẹ kí ẹyin ti là. Àwa tí à ń mu tíì rẹ̀ ni ahọ́n wa kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Ilé kọfí àdúgbò tiwa nìyẹn, ẹ má wá a lọ síbòmíràn. Ẹ ó rí i ní Sábó, ní Kútọ̀, ní Pánṣẹ́kẹ́: tábìlì kan, iná kan, kẹ́tù ńlá lórí èédú, agolo Milo àti Bournvita tí wọ́n tò léra bí òkúta Olúmọ, búrẹ́dì nínú ọ̀rá. Ẹni tó bá ní kọfí lòun fẹ́, wọ́n á fa sáṣẹ́ẹ̀tì Nescafé ya fún un, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lóde òní, orí Google ni wọ́n ti ń díwọ̀n ilé oúnjẹ: ìràwọ̀ márùn-ún fún ẹni tó tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹyọ kan fún ẹni tó bí wọn nínú. Ilé kọfí olówó ńlá tó ní amúlétutù lè fara da ẹyọ kan. Ẹni gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Onítíì ò tilẹ̀ ní í ráyè rojọ́, torí kò ní í rí ohun tí ẹ kọ. Àwọn tí ì bá wá ra tíì lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa rí i.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń díwọ̀n ná. Ṣáì ni Haúsá ń pè é, wọ́n gbà á lẹ́nu Lárúbáwá. Tíì ni tiwa, a gbà á lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ewé kan náà ni. Bí onítíì ṣe ń gbé kọ́ọ̀bù kan sókè fíofío, tó ń dà á sínú èkejì títí yóò fi yọ fóòmù, mo ti gbọ́ tí ọmọdé kan pè é ní ìṣekárími. Irọ́ ni. Ibẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ibẹ̀ ni ṣúgà ti ń yọ́ tí mílíìkì ń pò. Láti Mòrókò dé Mauritania, òkè ni wọ́n ti ń da tíì.

Lílọ lẹ́ẹ̀kan ò sì tó. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ lọ ní ìdájí, nígbà tí àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó ń fi tíì lajú. Ẹ lọ lóru oṣù Ramadan, nígbà tí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn kọjá sààrì ń sáré bọ̀ tòun taṣọ ìbora lọ́rùn. Ẹni tó bá po tíì fún ogún èèyàn lóru bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò le, ìràwọ̀ kan tọ́ sí i fún ìyẹn nìkan.

Ní ti mílíìkì tó ti ń dín kù, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, ẹni tó ń fẹ̀sùn mílíìkì kan onítíì, kó kọ́kọ́ béèrè iye tó rà á.

Omi tó fi ń fọ kọ́ọ̀bù nìkan ni mi ò lè gbójú fò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tíì mi ń run ọṣẹ. Mo ti fa fóònù yọ, ìka mi ti wà lórí ìràwọ̀ kan ṣoṣo, ni mo rántí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo pe onítíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rọra sọ fún un. Kò dùn mọ́ ọn. Ó sọ Haúsá kan sábẹ́ ahọ́n, inú mi sì dùn pé mi ò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà débẹ̀, abọ́ omi ti di méjì: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣàn.

Àbókí là ń pe àwọn onítíì, ọ̀pọ̀ wa sì ń pè é bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Haúsá. Àwọn náà ń díwọ̀n wa. "Alhaji" ni onítíì mi ń pè mí, èmi tí mi ò dé Mẹ́kà rí. Ọkùnrin tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó máa ń mu àwìn, "Ọ̀gá" lásán ni wọ́n ń pè é.