Ìlẹ̀kẹ̀ Ọmọ Ẹni, Àpótí Àdúgbò

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ gbogbo àdúgbò ló dáwó ìlẹ̀kẹ̀ náà, tí kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?

Ẹ wo ìyá Yorùbá kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn òbí dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ gọ́fánọ̀ iléèwé ọmọ wọn. Kì í ṣe gómìnà tiwa o: kò sí sáyírẹ́ẹ̀nì, kò sí owó oṣù, ìpàdé àti ìwé kíkà ni fún ọdún 4. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń ṣọ́ owó iléèwé. Ọmọ tirẹ̀ sì wà nílé, ọmọ ọdún 7 tí gbólóhùn kan kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ délẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù ni kó dá ọ̀gá iléèwé dúró lẹ́yìn ìpàdé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ̀rín músẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn ìyá ni ọ̀gá yẹn máa gbọ́. Ohùn ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu owó oṣù rẹ̀ ló máa gbọ́. Kí ló máa fi dáhùn ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ?

Àṣìṣe kejì ni a kì í sọ. Ìyá náà á dákẹ́, kí wọ́n má baà ní ó ń fi ipò jẹun, kí ayé má sì gbọ́ pé nǹkan ṣe ọmọ rẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń pe èyí ní ìwà. Èmi ò gbà. Gbèsè orúkọ rere ìyá ni ọmọ ń fi ẹnu tirẹ̀ san.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Òfin ọdún 2014 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òbí èyíkéyìí láṣẹ láti kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n yẹ ọmọ òun wò bóyá ó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Káńsù ló ń pinnu, kì í ṣe gọ́fánọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Tí wọ́n bá kọ̀, ilé ẹjọ́ wà fún un. Kó kọ lẹ́tà náà gẹ́gẹ́ bí ìyá. Kó gba àyè lọ́dọ̀ SENCO, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, bí òbí yòókù. Lálẹ́ ìpàdé, tí ọ̀rọ̀ bá kan owó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kó ní “ọ̀rọ̀ yìí kàn mí,” kí ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì bọ́ síta.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí irú àga yìí, ẹ fi lẹ́tà ọmọ yín ránṣẹ́ lónìí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń bá ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀.