MO TI BÚRA

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 25:21-35
Àkọ́sórí: Mátíù 5:37

Olùfẹ́, ka iye ìgbà tí o ti búra láti àná. Oníbàárà ná ọjà, o ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, iye tí mo rà á gan-an nìyẹn." Ìyàwó béèrè ibi tí owó wọlé sí, ọkọ ní kí mọ́tò pa òun bí òun bá mọ̀ nípa rẹ̀. Jésù ní a kò gbọdọ̀ fi orí wa pàápàá búra, nítorí ẹyọ irun kan níbẹ̀, a kò lè sọ ọ́ di funfun tàbí dúdú. Ká má tilẹ̀ sọ ti orí ọmọ.

Wo Pétérù ní àgbàlá olórí àlùfáà. Lẹ́ẹ̀kíní, ó kàn sẹ́ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ìbúra kún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń ṣépè, ó tún ń búra. Bí irọ́ ṣe ń wúwo sí i ni ìbúra ń pọ̀ sí i. (N kò bá ìbúra ilé ẹjọ́ wí o. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, òfin ilẹ̀ wa fún ọ láyè láti jẹ́rìí láì búra. Sọ fún akọ̀wé kóòtù.)

Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn mi jù láàárọ̀ yìí ni ìbúra ìbínú. "Mo ti búra, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé ẹ̀gbọ́n mi mọ́ láéláé." Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ogún ló fà á. Ìyá yín ti darúgbó, ó ń fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì nínú yàrá kan kó tó lọ, ìwọ sì ń sọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí èèyàn yẹ ìbúra.

Hẹ́rọ́dù náà rò bẹ́ẹ̀. Níbi àsè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó búra fún ọmọbìnrin Hẹrodíà pé ohunkóhun tó bá béèrè, títí dé ìdajì ìjọba òun, òun yóò fún un. Ọmọ béèrè orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Inú ọba bàjẹ́, ṣùgbọ́n nítorí ìbúra, àti nítorí ojú àwọn àlejò (kíyè sí ìkejì yẹn), ó rán wọn lọ. Ó pa ìbúra mọ́, ó pa wòlíì.

Dáfídì náà búra. Nábálì, tí àwọn ọmọkùnrin Dáfídì ti bá ṣọ́ agbo ẹran rẹ̀, sọ ìsọkúsọ sí wọn. Dáfídì kó nǹkan bí 400 ọkùnrin, ó búra pé ilẹ̀ kò ní mọ́ bá ọkùnrin kankan nínú ilé náà. Ábígẹ́lì pàdé rẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú 200 ìṣù àkàrà àti oúnjẹ mìíràn, ó dojú bolẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Dáfídì kò sọ pé "mo ti búra." Ó yin Ọlọ́run tó rán obìnrin náà sí òun, ó gba ẹ̀bùn rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé ní àlàáfíà. Àwọn 400 náà wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Ìbúra láti ṣe ibi kì í ṣe ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run. Léfítíkù 5:4-5 pè é ní ẹ̀bi, ó ní kí ẹni náà jẹ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, jẹ́wọ́ tìrẹ lórí eékún láàárọ̀ yìí, kí o sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí Ábígẹ́lì tìrẹ bá sì ti ń bọ̀ lọ́nà, ìbáà ṣe ìyá rẹ tàbí ìyàwó rẹ, má ṣe lé e padà.

ÀDÚRÀ: Baba, dárí ìbúra tí mo fi ìbínú ṣe jì mí. (Dárúkọ ẹni náà.) Fún mi ní ẹsẹ̀ tí n ó fi wọ ilé rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.