Ṣé Gbogbo Ibi Tí Ọta Bá Lè Dé Ni Ó Yẹ Kí Ọdẹ Yìnbọn Sí?

Àwọn àgbà ní, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ìyà ọdẹ nìkan ni ó sọ. Kò sọ ìyà ẹran. Ìyà ẹran ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àròkọ yìí, nítorí pé mo ti fi ojú ara mi rí i, mo sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọdẹ ni bàbá mi àgbà. Agbègbè Òkè-Ògùn ni a ń gbé, ìbọn ṣakabùlà sì ni wọ́n fi ń ṣọdẹ láti ìgbà èwe wọn. Bí a bá wà ní ìsinmi, èmi ni mo máa ń bá wọn gbé àpò. Òfin kan wà tí wọn kì í rú: bí wọn kò bá tíì rí etí ẹran kí ó máa jù, wọn kò ní yìnbọn. Nígbà tí mo ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò ju ogójì lọ.

Lọ́dún tó kọjá, owó ìdánwò WAEC mi kù díẹ̀ kó pé. Bàbá àgbà ní àwọn yóò pa ẹran kan, àwọn yóò sì tà á láti fi dí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wọ igbó láìrí nǹkan kan mú bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, àgbọ̀nrín kan yọ sí etí odò. Ó jìnnà. Èmi kò rí etí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bàbá náà kò rí i. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sún mọ́ ọn nígbà tí mo rọra sọ pé, "Bàbá, yóò lọ o. Ẹ yìn ín." Wọ́n wò mí. Wọ́n yìn ín.

Ẹran náà ṣubú, ó dìde, ó sì sá wọgbó. A tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, a kò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn igún ló fi ọ̀nà hàn wá. Ikùn ni ọta ti bà á. Gbogbo ilẹ̀ tó wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ti fi pátákò wú. Kò sí ohun tí a lè tà lára rẹ̀, kò sì sí èyí tí a lè jẹ. Bàbá àgbà kò bá mi wí. Wọ́n já ewé, wọ́n fi bò ó lójú, a sì yí padà sílé. Ewúrẹ́ wa kan ni wọ́n tà sí owó WAEC mi.

Ní oṣù Kejìlá, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Texas wá sílé. Dádì Amẹ́ríkà ni a ń pè wọ́n. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń gba ìwé àṣẹ láti fi ráífù ṣọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá, ìbọn yín ló jẹ̀bi. Ọta tí mò ń lò, bí mo bá dúró sí mítà 500, ibi tí mo bá fojú sùn ni yóò bà."

Bàbá àgbà ní, "Ẹran náà ńkọ́? Ṣé ó ti bá ọ ṣe àdéhùn pé òun kò ní gbẹ́sẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ọta, mo sì ń bi ara mi pé: ta ló jàre?

Mo kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn Dádì Amẹ́ríkà, nítorí pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Irú ọta tí ọdẹ bá yàn ṣe pàtàkì púpọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò fún ẹran ńlá, òjé ni inú rẹ̀, bàbà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, wọn a sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Bí ó bá wọ ara ẹran, orí náà á là, á sì fẹ̀ bí òdòdó. Ojú ọgbẹ́ á tóbi, ẹran á sì tètè kú. Èyí tí wọ́n bo orí rẹ̀ pẹ̀lú kì í sábà là. Ó lè gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, kí ẹran náà sì máa gbé ikú kiri inú igbó.

Ohun kan yà mí lẹ́nu níbí. Lọ́dún 1899, ní ìlú Hague ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní lo ọta tó ń là nínú ara ènìyàn lójú ogun mọ́, nítorí ìrora tó ń fà. Dum-dum ni wọ́n ń pe irú ọta bẹ́ẹ̀, láti ara orúkọ ìlú kan nítòsí Kolkata ní Íńdíà, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin àgbọ̀nrín ti ọdún 1991, tí wọ́n ń lò ní England àti Wales, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ráífù pa àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ lo ọta tó ń là. Báwo ni ohun kan náà ṣe lè jẹ́ ìkà fún ènìyàn, kí ó sì jẹ́ àánú fún ẹran? Ìdáhùn tí mo rí ni pé ọmọ ogun tí ọta bà ṣì lè yè, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ilé ìwòsàn nínú igbó. Ẹran tí a yìn tí kò kú, ìyà lásán ni a fi sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, mo gbà pé ojúṣe ọdẹ ni láti yan ọta tó lè pa ẹran lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n bí ọta ṣe ń lọ jìnnà ni eré rẹ̀ ń dínkù. Bí eré bá ti dínkù jù, ọta tó yẹ kí ó là kò ní là mọ́. Bí wọ́n bá sì ṣe é kí ó rọ̀ gan-an nítorí ọ̀nà jíjìn, tí ẹran wá yọ sí ẹni nítòsí, ó lè fọ́ sí èjìká rẹ̀ láìdé ibi ọkàn. Ẹni tó bá ń yan ọta, ọ̀nà jíjìn kan ni ó ń yàn, igbó kò sì bá a mọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ òjé tún wà níbẹ̀. Òjé máa ń fọ́ sínú ẹran, májèlé sì ni. Ẹyẹ ńlá kan wà ní California tó jọ igún, tí wọ́n ń pè ní condor, tó máa ń jẹ ìfun ẹran tí ọdẹ bá dà nù. Òjé inú ìfun yìí ti pa púpọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 1987, condor 27 péré ló kù láyé. Láti oṣù Keje ọdún 2019, ìjọba California kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọta òjé ṣọdẹ mọ́. Bàbà lásán ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò rẹ̀. Bàbà kò pa ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó le ju òjé lọ, ó sì ń fẹ́ eré púpọ̀ kí ó tó là. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe rere sí ẹyẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran sí i.

Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè Bàbá àgbà, ìwé físíìsì mi ni mo ṣí. Ọta ráífù máa ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó dé mítà 500. Láàárín àkókò yìí, agbára òòfà ilẹ̀ yóò ti fà á wálẹ̀ ju mítà méjì àtààbọ̀ lọ. Awò orí ìbọn lè ṣe àtúnṣe ìyẹn, nítorí pé òfin òòfà kì í yí padà. Ṣùgbọ́n bí àgbọ̀nrín bá gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, tó ń rin mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò ti sún síwájú ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà kí ọta tó dé. Ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Ọta tí a rán sí ọkàn, ikùn ni yóò bà. Ikùn náà ni tiwa bà.

Ibí yìí ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn Dádì Amẹ́ríkà. Kò sí ọta tí ènìyàn lè rà tí yóò mú kí ẹran dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde lẹ́nu, kò ṣe é kó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tó mọ ìbọn yìn dáadáa lè yìn ín láti mítà 300 kí ó pa á ju aláìmọ̀kan tó dúró sí ogójì ìṣísẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní pe iye mítà kan pé òun ni òfin. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett ní Amẹ́ríkà, tí Theodore Roosevelt wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1887, náà kò pe iye kan. Èrò ọkàn ọdẹ ni wọ́n ń wò: bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mọ ibi tí ìbọn rẹ̀ lè bá a dé ni, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọdẹ mọ́. Ní tèmi, ẹran kì í ṣe pátákó tí a fi ń dán ọwọ́ wò.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó yó nìyí, pé ẹni tí ebi ń pa kò ní ráyè ro gbogbo èyí. Mo mọ̀ nípa èyí, nítorí owó ìdánwò mi ló gbé wa dé igbó. Ṣùgbọ́n kí ni àìní wa fún wa? Ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti pa ẹran. Kò fún wa ní ẹ̀tọ́ láti ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ikùn rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ fi ti ẹran sílẹ̀, àwa náà pàdánù: a kò rí ẹran, a kò rí owó, ewúrẹ́ sì lọ.

Kí Dádì Amẹ́ríkà tó padà, wọ́n gbé awò kan tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn fún Bàbá àgbà. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, ẹ ó rí etí ẹran láti òdìkejì odò báyìí." Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí pé mo rò pé òfin bàbá ti parí nìyẹn. Wọ́n gbé awò náà sójú, wọ́n wo òkè fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ojú mi dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ńkọ́? Bí mo bá yìn ín tí kò kú, ṣé mo lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó jìyà?"

Ó wá yé mi pé òfin etí kì í ṣe ti ojú. Etí tó ń jù ń sọ fún ọdẹ pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ ń gbọ́, ó ń bẹ̀rù, ó sì fẹ́ wà láàyè. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Lójú tèmi, ọdẹ gbọ́dọ̀ yan ọta tó dára jù tí agbára rẹ̀ ká, kí ó sì wá yìn ín bí ẹni pé ọta náà kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá lè dé láti parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ààlà rẹ̀.

Ní ìsinmi tó kọjá, a tún lọ. Àgbọ̀nrín kan yọ, ó jìnnà. Bàbá àgbà wò mí. N kò sọ nǹkan kan. A yọ́ lọ díẹ̀, atẹ́gùn yí padà, ó gbọ́ òórùn wa, ó sì lọ. Ọwọ́ òfìfo ni a gbé délé.