Ilẹ̀kùn Títì Kò Pa Gbèsè Rẹ́



Ní ilẹ̀ tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, láti Lẹ́kkí títí dé Ajah, ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ jọjọ, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ sì ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ǹjẹ́ kí ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe, bí ó bá dé ẹnu iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀gá kò sì fi ohunkóhun lọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀?

Àwa kò wí pé ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìjàǹbá a máa bá ọ̀gá pẹ̀lú. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń la ọ̀nà etí òkun láti Èkó lọ sí Kàlàbá, a wó ilé àwọn oníṣòwò ní etí òkun Landmark ní Victoria Island. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ni ó jọ pàdánù. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn títì kò pa gbèsè rẹ́. Owó iṣẹ́ tí a ti ṣe kì í ṣe ìtọrẹ àánú, ẹ̀tọ́ ni. Nínú ìwé Deuteronomi, òfin kò jẹ́ kí ọ̀gá mú owó alágbàṣe sùn di ọjọ́ kejì.

Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú kò dákẹ́. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 pàṣẹ pé kí a fi lọ òṣìṣẹ́ ṣáájú: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí ó pé ọdún 2 tí kò pé 5, oṣù 1 fún ẹni tí ó pé ọdún 5. Èyí tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, nínú ìwé ni kí ó wà. Ọ̀gá tí kò lè dúró lè san owó dípò àkókò náà. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún; nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáradára.

Kí òṣìṣẹ́ pa ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ẹ̀rí owó oṣù rẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá tì, kí àwọn òṣìṣẹ́ pa ohùn pọ̀, kí wọn kọ̀wé béèrè, kí wọn lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀ràn iṣẹ́. Bí ó bá sì di dandan, Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ wà ní Ìkòyí. Owó ìfẹ̀yìntì tí a ti fi pamọ́ ní orúkọ òṣìṣẹ́ lábẹ́ òfin ọdún 2014, tirẹ̀ ni, kò bá ọ̀gá lọ.

Kí a má sì ṣe sọ ìrètí nù. Nigeria Airways kógbá sílé ní ọdún 2003. Ní ọdún 2018, ìjọba ṣì ń san lára owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, nítorí wọn kò dẹ́kun bíbéèrè. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti kú kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Èyí ni ó ń bà wá nínú jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tí ń bẹ nínú ìjọ, bí òwò bá ń rì, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ yín nígbà tí owó díẹ̀ ṣì kù, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, ẹ san tiwọn. Kí Ọlọ́run tí ń gbọ́ igbe alágbàṣe fún wa ní ọkàn òdodo. Àmín.