Ilé Là Ń Wò Kí Á Tó Sọ Àìsàn Lórúkọ

Ẹ̀bi ti ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, màmá kan nínú ìjọ wa níbí ní Minna mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, "Pásítọ̀, orí mi ń gbóná, ó ń ṣe bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Mo ń kàwé, kò wọlé." Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, mo sì kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tí kò rí oorun sùn ni mo tún fi ebi kún un fún!

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé àìsàn yìí ti lórúkọ tipẹ́. Ó jọ èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ọdẹ orí. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa irú rẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, ó pè é ní "brain fag". Ní 1994, DSM, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn ọpọlọ lẹ́sẹẹsẹ, fi orúkọ náà sínú àkójọ àwọn àìsàn tó jẹ mọ́ àṣà. Nígbà tí ẹ̀dà 2013 jáde, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ náà. Ṣé orí àwọn ọmọ wa ti ṣíwọ́ gbígbóná ni? Rárá o.

Ẹnìkan lè ní, "Ẹ ò rí i? Àwọn dókítà gan-an ò mọ̀ ọ́n." Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ àìsàn ọpọlọ kò ṣeé fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ̀ bí ibà. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń wá a: Kí ló ń ṣe ẹ́? Láti ìgbà wo? Ṣé ó ti dí iṣẹ́ àti oorun rẹ lọ́wọ́? Kí DSM tó pe ìbànújẹ́ ọkàn ní àìsàn, ó kéré tán, àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹkún opó tó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀.

Àwọn baba wa náà mọ ìyàtọ̀. Àbísínwín wà, dìndìnrìn wà, wèrè aláṣọ wà. Àwa ìjọ òde òní ló ku orúkọ méjì lẹ́nu wa: wèrè, tàbí ẹ̀mí èṣù. Ọ̀kan ń mú kí ẹbí fi ọmọ pamọ́, èkejì ń mú kí wọ́n sá fún ọsibítù.

Dókítà Adéoyè Lámbò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàrin èèyàn.

Mi ò sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo Èlíjà lábẹ́ igi, nígbà tó ní kí òun kú. Oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un.

Màmá yẹn gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Wèrè dùn ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Kí á tó sọ àìsàn ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó tì í, ká bi í léèrè.